Ta ni yóò sin sójà tí wọ́n lé dé ilé?

Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀gùn lọ sí Ìkòtún ní Èkó, ọkùnrin kan ń tú láílọ́ọ̀nù lórí káńtà. Láílọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wé mọ́ra wọn. Inú èyí tó kángun sínú pátápátá ni àwọn ìwé rẹ̀ wà: ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sójà, fọ́tò kan níbi tóun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìbọn kọ́ èjìká nínú yanrìn Borno, àti bébà kan tó ti gbó débi pé ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti ń já.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù mú sẹ́lótéèpù, ó fi lẹ ẹ̀yìn bébà náà kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. "Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà ń wí. "Nọ́ńbà mi ló wà níbẹ̀ yẹn." Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ ló ń sọ. Ojú ibi tí bébà ti ká gan-an ló ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló wá tẹ̀. Ó fẹ́ káwọn ọ̀gá ológun yẹ ẹjọ́ òun wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti lé e kúrò níṣẹ́ láti ìgbà tí ogun Boko Haram gbóná janjan ní ìhà Àríwá Ìlà Oòrùn. Obìnrin náà kò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. "Bọ̀dá, ṣé ti tẹ́lẹ̀ yẹn náà ni?" ló kàn béèrè. Lẹ́tà náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Déètì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, obìnrin náà sọ fún mi pé ọkùnrin náà nìkan kọ́ ló ń wá. "Àwọn mìíràn máa ń wá. Bí wọ́n bá ti wọlé lèèyàn ti máa ń mọ̀ wọ́n. Wọn kì í jókòó àfi téèyàn bá ní kí wọ́n jókòó."

Ọkadà ni ọkùnrin yìí ń gùn báyìí. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Iṣẹ́ tí ìjọba fi ọ̀pọ̀ owó kọ́ ọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀gùn, àfi fún àwọn tí kò yẹ kó bá rìn. Ọjọ́ tí wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló máa ṣe lọ́la.

Ọ̀rọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó fẹ̀yìntì pẹ̀lú orin àti ìlù, tí wọ́n gbọ́ ọjọ́ àtilọ wọn lọ́dún tó ṣáájú, ní ibi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé lójijì, tí ìmúrasílẹ̀ ìbá wúlò fún jù, ni wọn kì í jẹ́ kó débẹ̀.

Bí sójà ṣe ń bọ́ṣọ

Ọ̀nà tí sójà ń gbà kúrò níṣẹ́ ní Nàìjíríà kò dọ́gba. Èyí tó sàn jù ni ti ẹni tó sìn dé òpin. Wọ́n á kọ́kọ́ rán an lọ sí NAFRC, ibùdó tí àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìntì ti ń kọ́ṣẹ́, ní Òṣòdì. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni sójà tí kì í ṣe ọ̀gá ń lò níbẹ̀. Yóò yan iṣẹ́: aṣọ rírán, wẹ́dà, adìyẹ tàbí ẹja sísìn, oúnjẹ sísè, kọ̀ǹpútà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé ní gbogbo àsìkò yìí. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ní orúkọ.

Ọ̀nà kejì ni fífipá-fẹ̀yìntì. Ìwé á kàn dé pé kí ẹni náà máa lọ. Iye ọdún tó ti lò níṣẹ́ ni wọ́n á fi ṣírò ohun tó tọ́ sí i, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, Military Pensions Board, ni yóò sì san án. Owó lè wà, àmọ́ àyè àtimúra kò sí.

Ọ̀nà kẹta ló burú jù, òun làwọn sójà fúnra wọn ń pè ní dísímíìsì. Ẹni tí wọ́n bá ṣe báyìí fún pàdánù owó ìfẹ̀yìntì àti gírátúítì pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Káàdì ìdánimọ̀ á padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, yàrá tó ń gbé ní bárékè á di ti ẹlòmíràn, ọsibítù bárékè ò sì ní í gba ìyàwó rẹ̀ tó lóyún mọ́.

Abala 173 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró tàbí kí wọ́n yí i padà lọ́nà tó máa pa á lára. Àmọ́ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: àfi dé ibi tí òfin bá gbà á láyè. Ẹnu gbólóhùn yìí ni dísímíìsì ń gbà wọlé.

Agbẹjọ́rò kan tó ti gba ẹjọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rò ṣàlàyé fún mi pé ohun tó máa ń ya àwọn oníbàárà òun lẹ́nu jù ni pé òfin kò ka ọdún tí wọ́n ti sìn tẹ́lẹ̀ sí. "Ó lè sìn fún ọdún méjìlá láìṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́." Ó ní òun kò ta ko ìjìyà. Ohun tóun ń béèrè ni pé kí ìjìyà mọ níwọ̀n.

Damboa, Delwa, Bulabulin

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú wàhálà yìí ti wá.

Lọ́dún náà, Boko Haram ń gba ìlú lẹ́yìn ìlú. Àwọn sójà ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìbọn àwọn kò tó, pé ọta ń tán, pé ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá ju tàwọn lọ. Ní oṣù karùn-ún, inú bí àwọn kan ní Maiduguri lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì yìnbọn sí ọkọ̀ ọ̀gá wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún méjìlá nínú wọn. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún dájọ́ ikú fún sójà 54 tí wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa padà. Fẹ́mi Fálànà ni agbẹjọ́rò wọn. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò fún àwọn èèyàn náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi jà. Ní ìparí ọdún 2015, wọ́n yí ìdájọ́ ikú àwọn 54 yìí sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Àwọn wọ̀nyí ni ìròyìn gbé. Àwọn tí ìròyìn kò gbé pọ̀ jù wọ́n lọ: àwọn tí wọn kò dájọ́ ikú fún, tí wọn kò jù sẹ́wọ̀n, tí wọ́n kàn ní kí wọ́n máa lọ. A mọ̀ pé wọ́n pọ̀, nítorí pé nígbà tí àwọn ọ̀gá tuntun dé ní ọdún 2015, tí wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, sójà 3,032 ni wọ́n kéde pé àwọn gbà padà.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Bí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bá lè padà síṣẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò, a jẹ́ pé èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n ti lé kúrò nígbà tí kò yẹ kí wọ́n lé wọn. Ní gbogbo oṣù tó wà láàárín méjèèjì, kí ni wọ́n ń jẹ? Níbo ni wọ́n ń sùn? Kò sí òfin kankan tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Àwọn tí orúkọ wọn kò sì jáde, bíi ọkùnrin Ìjẹ̀gùn yìí, ṣì wà lórí lẹ́tà títẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Ó ní nígbà tí ìròyìn gbígbà padà jáde, abúlé ìyá òun lòun wà, òun kò sì ní fóònù tó dáa. Kí òun tó gbọ́, wọ́n ti parí ẹ̀. "Mi ò sọ pé mi ò ṣẹ̀. A sá. Gbogbo wa la sá. Àmọ́ ẹ béèrè pé kí ló wà lọ́wọ́ wa nígbà tá a sá."

Àwọn ọ̀gá náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Kì í ṣe àwọn kékeré nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gorí àga ààrẹ, ó fipá fẹ̀yìn ọ̀gá ológun 93 tì nítorí pé wọ́n ti di ipò òṣèlú mú lábẹ́ ìjọba ológun. Èmi kò rí àṣìṣe nínú ìgbésẹ̀ yẹn, torí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìbọn nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lówó, wọ́n ti lórúkọ. Òṣèlú gba àwọn kan, okòwò gba àwọn mìíràn.

Ti oṣù kẹfà ọdún 2016 yàtọ̀. Àwọn ọ̀gá 38 ni wọ́n lé lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìbò àti ọ̀rọ̀ owó ohun ìjà ló fà á. Àwọn kan nínú wọn ta kò ó pé wọn kò fi ìwé béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn rí, pé àwọn kò dúró níwájú ìgbìmọ̀ kankan. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2019, National Industrial Court ní Abuja dá Kọ́nẹ́ẹ̀lì Danladi Hassan láre, ó ní kí wọ́n gbà á padà. Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn, agbẹjọ́rò ṣì ń pariwo pé wọn kò mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì lè rí owó gba agbẹjọ́rò àgbà. Ẹni tó jẹ́ kọ́fúrà kò lè san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sí Abuja.

Ohun tí Accra àti Lomé rí

Àwọn ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ wa tó lọ jà ní Burma padà délé. Ìlérí tí wọ́n bá lọ pọ̀ ju ohun tí wọ́n bá bọ̀. Isaac Fádòyèbò, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé, wọṣẹ́ ológun nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1944, ọta ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Ó wà nínú igbó fún oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ Sierra Leone kan, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló fi wọ́n pamọ́ tí wọ́n sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ara rẹ̀ ló fipá bọ́ aṣọ ogun lọ́rùn rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ọba ṣe nígbà tó dé, ó sì pẹ́ láyé. Ọdún 2012 ló kú. Ó mọ̀ọ́kọ, ó mọ̀ọ́kà, ó sì rí ẹni gbà á síṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí wọ́n jọ lọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n àwọn ará Jámánì béèrè owó tí ìjọba Faransé jẹ wọ́n. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Àwọn Faransé ní 35 ló kú. Àwọn òpìtàn ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní Accra, ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn sójà àtijọ́ ń wọ́ lọ sí Christiansborg, ibùgbé gómìnà, láti fún un ní ìwé ẹ̀bẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Wọn kò gbé ìbọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní kí wọ́n dúró, nígbà tí wọn kò dúró ó yìnbọn, Sájẹ́ǹtì Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey sì kú. Ìlú dàrú fún ọjọ́ mélòó kan. Ibi ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ìjàngbara òmìnira Ghana ti gbiná. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ẹrù wọn.

Èyí tó yẹ kó bá wa lẹ́rù jù ni ti Lomé. Nígbà tí ogun Algeria parí ní 1962, Faransé tú àwọn ọmọ Togo tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ. Wọ́n ti jà ní Indochina, wọ́n ti jà ní Algeria. Wọ́n lọ bá Ààrẹ Sylvanus Olympio pé kó gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Togo, tí iye rẹ̀ nígbà náà kò ju 250 lọ. Olympio kọ̀. Ó ní orílẹ̀-èdè kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò lówó tó fẹ́ máa fi bọ́ sójà.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò ṣe ni pé kó wá ohun mìíràn fún wọn. Bẹ́ẹ̀ làwọn Faransé, tí wọ́n lò wọ́n gbẹ, kò ṣe nǹkan kan tó dí àlàfo náà. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, àwọn sójà náà ká Olympio mọ́lé. Ó fo ògiri sá sínú ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ ń mọ́, wọ́n rí i níbẹ̀, wọ́n sì pa á nítòsí ẹnu géètì. Lára àwọn tó ṣe é ni Sájẹ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Eyadéma. Ní 1967, ó gba ìjọba fúnra rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ títí tó fi kú ní 2005. Ọmọ rẹ̀ ló gorí àga lẹ́yìn rẹ̀.

Èèyàn ẹgbẹ̀ta péré. Iye sójà tí Nàìjíríà gbà padà ní 2015 nìkan fi ìlọ́po márùn-ún jù wọ́n lọ.

Ìjẹ̀gùn kò jìnnà sí Òṣòdì

Ìdí tí àwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń wá sí Ìjẹ̀gùn kò ṣòroó mọ̀. Ó wà láàárín: bárékè Ọ̀jọ́ wà lápá kan, ti Ìkẹjà wà lápá kejì, owó ilé ibẹ̀ sì rọjú ju ti àárín ìlú lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kì í fẹ́ jìnnà sí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

Ìyàwó ọkùnrin tó wá tẹ lẹ́tà yẹn ń ta gàrí àti ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń gbé. Ó ní bí wọ́n ṣe jáde ní bárékè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun pé àwọn kò tíì san owó ilé rí láyé àwọn. Onílé béèrè owó ọdún méjì, owó àdéhùn, owó ejẹ́ńtì. Ibi tí wọ́n ti rí i kò fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín táàmù. "Ọmọ mi àgbà kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó rò pé ó jalè ni."

Ohun tó ń da obìnrin yìí láàmú jù kì í ṣe owó. Ọkọ rẹ̀ kì í sùn dáadáa. Bí ọmọlanke bá gbá kòtò níta lóru, yóò ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọsibítù àwọn ológun ìbá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí, Yaba ni yóò lọ, ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, kó sì fi owó ara rẹ̀ sanwó. Kò lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n lé kì í fẹ́ wá, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni iṣẹ́ tó ń ṣe.

Iṣẹ́ tó wà fún un ní àdúgbò kò pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù máa ń gba irú wọn láti ṣọ́ àdúgbò lóru. Ẹnì kan tó jẹ́ aṣíwájú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: wọn kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé owó tí à ń san kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n lè san jù wá lọ." Kò dárúkọ àwọn mìíràn náà, èmi náà kò bi í. Bí ìbò bá ń sún mọ́lé, gbogbo Alimọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìjẹ̀gùn wà, ló mọ irú àwọn tó máa ń wá ẹni tó mọ ìbọn-ón yìn.

Ọkadà kò sì mú un débi tó jìnnà. Alimọ̀ṣọ́ kò sí lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọkadà, ṣùgbọ́n wọ́n fi Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Láti Ìkòtún, bó bá ti kọjá sí apá Èjìgbò, òfin ti dá a dúró nìyẹn. Ibùdó tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ wà lódìkejì ààlà yẹn. Kò lè gun ọkadà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ìwé tó máa fi wọlé.

Ẹnì kan tó ti fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun kò gbà pẹ̀lú mi rárá, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ. "Bí ẹni tó sá lójú ogun bá mọ̀ pé wọ́n ṣì máa kọ́ òun níṣẹ́, kí ló máa dá a dúró lọ́jọ́ mìíràn?" Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò bá ní ìbáwí ti di ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Ó rán mi létí pé àwọn tó fẹ̀yìntì pẹ̀lú ọlá pàápàá ń jìyà: ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn sójà àtijọ́ dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná owó ní Abuja pa nítorí owó tí wọn kò rí gbà. "Ẹ kọ́kọ́ san tàwọn yẹn ná."

Òótọ́ ni pé kí wọ́n san tàwọn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ikú kì í ronú nípa iṣẹ́ wẹ́dà. Ìbáwí sì ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́, owó àti orúkọ rere lọ́wọ́ ẹni náà. Oṣù mẹ́fà ní Òṣòdì kò ní dá ọ̀kankan nínú wọn padà. Àwa tí à ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló máa jàǹfààní.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é

Amẹ́ríkà ti la èyí kọjá. Nígbà tí ogun tútù òun àti Soviet Union ń parí lọ, wọ́n mọ̀ pé àwọn máa dín ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn kù, ní 1990 wọ́n sì ṣòfin fún àwọn tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ láìjẹ́ pé wọ́n fúnra wọn béèrè. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́fà, tí kò tíì pé ogún ọdún, lè gba owó kan tí wọ́n ń ṣírò báyìí: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọdún kan, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọdún tó sìn. Bí ẹnì kan bá ń gba 4,000 dọ́là lóṣù, tó sì ti sìn fún ọdún mẹ́wàá, 48,000 dọ́là ni tirẹ̀. Àwọn kan wà tí ìdajì rẹ̀ tọ́ sí. Wọ́n á máa tọ́jú òun àti ìdílé rẹ̀ ní ọsibítù fún ọjọ́ 180 sí i. Wọ́n á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́.

Ẹni tí ilé ẹjọ́ ológun lé lọ kì í rí owó yìí gbà. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú òfin wọn tó wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí wọ́n bá lé sójà kúrò nítorí pé ó ń lu ìyàwó tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, ìyàwó àti ọmọ lè máa gba owó lóṣooṣù, ó kéré tán fún ọdún kan, ó pọ̀ jù fún oṣù 36. Òfin ya ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn náà kò mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ètò kan rí tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó fi àyè gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílùú láti wọṣẹ́ ológun bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, àwọn ọmọ wa sì forúkọ sílẹ̀. Ní 2018, ìròyìn jáde pé wọ́n ti ń lé àwọn kan nínú ètò yìí lọ láìṣàlàyé ìdí. Àwọn tí wọ́n lé gba ilé ẹjọ́ lọ, nígbà tí yóò sì fi di oṣù keje, wọ́n dá lílé náà dúró.

Àwa náà ti ṣe ohun tó jọ èyí rí, ó kàn pẹ́ ni. Àwọn tó jà fún Biafra, dísímíìsì ni wọ́n gbà lẹ́yìn ogun. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2000, Ọbásanjọ́ kéde pé kí wọ́n yí i padà sí ìfẹ̀yìntì, kí owó ìfẹ̀yìntì lè tọ́ sí wọn. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí ogun parí. Nígbà tí PTAD, àjọ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, máa fi san owó fún àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú wọn ní 2017, ọ̀pọ̀ ti kú, ẹbí wọn ló wá gbowó. Èyí fi hàn pé kò sí nǹkan kan nínú òfin wa tó sọ pé dísímíìsì kò ṣeé tún wò. Ìjọba lè wò ó bí ó bá wù ú.

Ohun tí à ń béèrè kò tó ti Amẹ́ríkà. Kí ẹni tí wọ́n bá lé lè wọ Òṣòdì fún oṣù mẹ́fà, bí kò tilẹ̀ ní gba kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Kí ọsibítù àwọn ológun wo orí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀, ohun yòówù kó ti ṣe níbẹ̀. Kí ìdílé má kúrò ní bárékè kí táàmù tó parí. Kí ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ ọdún tó sìn àti iṣẹ́ tó mọ̀, tí agbanisíṣẹ́ lè kà. Kí àyẹ̀wò bíi ti 2015 sì máa wáyé ní gbogbo ìgbà, kó má jẹ́ ìgbà tí ọ̀gá tuntun bá dé nìkan, kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tí wọ́n gbà padà ránṣẹ́ dé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà lábúlé ìyá rẹ̀ lè gbọ́.

Bárékè àti ọsibítù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Wọn kò nílò òfin tuntun kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ parí táàmù. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí dísímíìsì ń gbé lọ ló nílò àwọn aṣòfin. Alimọ̀ṣọ́ ní aṣojú ní Abuja, Ìwọ̀ Oòrùn Èkó sì ní sẹ́nétọ̀. Àwọn tó ń tẹ lẹ́tà ní Ìjẹ̀gùn ti ń kọ ọ́ sí àwọn ọ̀gá ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀dà rẹ̀ yẹ kó dé ọ́fíìsì àwọn méjèèjì yìí.